Ìbòrí Tí Ó Yẹ Sítíkà Tí Ń Dá Ìmọ́lẹ̀ Padà Lára Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kan ẹni tí ó ni ọkọ̀, ẹni tí ń wà á, àti ẹni tí ń wọ̀ ọ́.

Òru ni ọ̀pọ̀ tírélà tí ń kó ẹ̀wà bọ̀ láti Òkè Ọya máa ń wọ ìlú Ìbàdàn, tí wọ́n ń lọ sí ọjà Bódìjà. Láti Challenge ni àwọn mìíràn sì ń bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1978. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà lóru, tí iná rẹ̀ sì kú, kí ni yóò kìlọ̀ fún awakọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn? Nítorí òfò ojú pópó ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977, tí Ìjọba Àpapọ̀ sì dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní ọdún 1988.

Sítíkà tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lè gba ẹ̀mí là nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́, tàbí àwọn igun kéékèèké tí a ṣe sínú ike, ni ó wà nínú rẹ̀. Bí iná ọkọ̀ bá kàn án, ó ń dá ìmọ́lẹ̀ náà padà síbi tí ó ti wá, gẹ́gẹ́ bí ojú ológbò ti ń tàn lóru. Nígbà tí a bá tẹ orúkọ iléeṣẹ́ tàbí ti ilé ìwé sórí rẹ̀, a máa ń fi awọ ike tí ó mọ́ gaara bò ó, kí oòrùn, òjò àti eruku ọyẹ́ má ba iṣẹ́ náà jẹ́. Nínú yíyan awọ ìbòrí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Èkíní, oríṣi méjì ni ojú ìbòrí: èyí tí ń dán, àti èyí tí kò dán. Èyí tí kò dán lẹ́wà lọ́sàn-án, nítorí oòrùn kì í kọ mànà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n lóru, ó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká nígbà tí ó ń wọlé àti nígbà tí ó ń jáde, sítíkà á sì ṣe bàìbàì. Nítorí náà, èyí tí ń dán ni kí a yàn fún irú sítíkà yìí.

Èkejì, kí ìbòrí àti sítíkà jẹ́ irú kan náà. Ike kan wà tí a dà bí ẹni da ẹ̀kọ, tí ó sì dì jẹ́ẹ́. Òmíràn wà tí a fi irin tẹ̀ gbọọrọ. Èyí tí a tẹ̀ a máa súnkì nínú ooru. Bí a bá fi bo èyí tí a dà, etí rẹ̀ yóò ká, omi yóò sì wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe kánjú. Bí íǹkì tí a fi tẹ̀ ẹ́ bá jẹ́ èyí tí ń rùn bí ọ̀dà, ó yẹ kí ó gbẹ fún ọjọ́ kan gbáko, ó kéré tán, kí a tó bò ó. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àtẹ́gùn yóò wú sábẹ́ ìbòrí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ibi tí íǹkì dúdú bá bò mọ́lẹ̀ kò lè dá ìmọ́lẹ̀ kankan padà.

Kí ẹnikẹ́ni tó san owó, kí ó gba ègé méjì lọ́wọ́ oníṣẹ́, ọ̀kan tí a bò àti ọ̀kan tí a kò bò. Kí ó gbé wọn sí ibi tí ó ṣókùnkùn, kí ó rìn sẹ́yìn ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, kí ó sì gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ gan-an. Bí ó bá gbé e sí ìdí, kò ní rí òtítọ́, nítorí ọ̀dọ̀ iná ni ìmọ́lẹ̀ ń padà sí. Bí èyí tí a bò bá ṣú ju èkejì lọ púpọ̀, kí ó kọ̀ ọ́.

Téèpù pupa àti funfun tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírélà ní tirẹ̀ ti ní ojú tí ó dáàbò bò ó láti ilé iṣẹ́ wá. Kò yẹ kí a fi nǹkan bò ó mọ́.

Omi, ọṣẹ àti àkísà rírọ̀ ni kí ẹ fi máa fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fi pẹtiróòlù tàbí yanrìn kàn án. Sítíkà tí ẹrẹ̀ bò kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí.

Lékè gbogbo rẹ̀, sítíkà kò lè rọ́pò iná ẹ̀yìn ọkọ̀, nítorí iná ẹlòmíràn ni ó gbójú lé. Ẹ jọ̀wọ́, kí olúkúlùkù onímọ́tò yẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ wò lálẹ́ òní, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè délé láyọ̀.