Bí Oorun Bá Kọ̀ Tí Kò Wá



Ọ̀rọ̀ oorun ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ wo àgbẹ̀ kan. Láti àárọ̀ ló ti ń ká òwú. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí oorun sùn. Ó ń ro gbèsè ajílẹ̀. Ó ń ro owó ilé ìwé ọmọ. Ọyẹ́ ń fẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí omi àmù.

Àwọn kan á mu sódàbì. Sódàbì lè kun ni lóorun, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú á tún là. Àwọn mìíràn á ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ẹ má ṣe é! A kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣe.

Èkíní, ẹ mú ara móoru. Bó bá ku wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ sùn, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, tàbí kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án wò, kí ó má bàa bó yín lára. Omi náà á fa ẹ̀jẹ̀ wá sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ooru inú ara á gba ibẹ̀ jáde, inú ara á tutù díẹ̀, oorun á sì dé. Ẹ má gbé ẹyin iná sínú yàrá o! Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń pani.

Èkejì, ẹ sọ ohun tó wà nínú yín. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ sọ ọ́, kì í ṣe lórí ẹní. Ẹ wá ẹni tó lè pa àṣírí mọ́. Ẹ jọ mú ìṣòro kan, kí ẹ wá ohun tí ẹ lè ṣe sí i lọ́la.

Ní ọdún 2006, ní ìlú Harare ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà 14 bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ìrònú pọ̀ jù fún. Orí bẹ́ńṣì ni wọ́n ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé irú ọ̀rọ̀ sísọ yìí ń mú kí ara yá.

Omi kò lè san gbèsè. Ọ̀rọ̀ kò lè mú ẹsẹ̀ móoru. Ẹ pa méjèèjì pọ̀. Bí àìsùn bá pé oṣù kan, tàbí tí ẹ bá ń ro ikú, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọwọ́ kan kì í gbé igbá dé orí.