Aṣojú Kánádà Nínú Kóòtù

Bí ìjọba kan bá ju ọmọ ìlú rẹ̀ sẹ́wọ̀n torí pé ó ń gbẹnu sọ fún àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn, kí ni ìjọba ilẹ̀ òkèèrè lè ṣe sí i?

Ní 2016, Kánádà gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ilé iṣẹ́ aṣojú rẹ̀ káàkiri ayé. Lára rẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ wọn lọ jókòó ní kóòtù lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́. Kò ní bá adájọ́ jiyàn. Ṣùgbọ́n adájọ́ rí i, agbẹjọ́rò ìjọba rí i, olùjẹ́jọ́ náà sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń bá ìjọba ibẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ariwo lè kó bá ẹlẹ́wọ̀n.

Fún àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó ti sá kúrò nílùú wọn, Kánádà ṣí ọ̀nà ibi ìsádi ní 2021: 250 ènìyàn lọ́dún, tẹbí tẹbí. Ní 2023, wọ́n sọ ọ́ di 500.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìlànà lásán ni ti 2016 yẹn, kì í ṣe òfin. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìlànà yìí: ní 2009, wọ́n yìnbọn pa Mariano Abarca ní Chiapas, ní Mẹ́síkò, ẹni tó ń tako ibi ìwakùsà ilé iṣẹ́ Kánádà kan. Ẹbí rẹ̀ lọ sí kóòtù ní Kánádà, kí wọ́n lè wádìí ohun tí ilé iṣẹ́ aṣojú Kánádà ní Mẹ́síkò ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà. Kóòtù da ẹjọ́ wọn nù.