Sísá Pákó ní Ìgbà Òtútù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń fi oòrùn sá pákó ní Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mu gan-an.

Àwọn onímọ̀ nípa igi ní Yunifásítì Virginia Tech, ní ìlú Blacksburg, ti tẹ ìlànà jáde nípa ilé kékeré tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Òrùlé rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, dagun sí ìhà gúúsù. A kun inú rẹ̀ ní dúdú kí ó lè gba ooru. A ó to pákó lé ara wọn, a ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ là wọ́n láàárín, fáànù yóò sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná gba ibẹ̀ kọjá.

Nígbà ooru, iṣẹ́ yìí rọrùn. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kejìlá bá dé, ọ̀sán a kúrú. Oòrùn ọ̀sán gangan tí í ga tó nǹkan bí dígírì 76 ní oṣù Kẹfà kì í ga tó 30 mọ́. Nítorí náà ni òrùlé ṣe ní láti dagun gidigidi, kí oòrùn tí ó rẹlẹ̀ lè bá a lójúkojú, kí yìnyín sì lè yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Omi inú afẹ́fẹ́ òtútù kò pọ̀. Bí ó bá wọ inú ilé tí ó sì gbóná, yóò máa fa omi mọ́ra bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó. Ẹni tí ó bá ṣí ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ gbayawu, ooru ara rẹ̀ ni ó ń lé jáde. Bí oòrùn bá wọ̀, a ó pa fáànù. Ọ̀rinrin òru yóò mú ojú pákó rọ̀ díẹ̀, kò sì ní tètè là.

Pípẹ́ kí pákó tó gbẹ kì í ṣe ewu. Ìkánjú olówó rẹ̀ ni ewu. Ojú pákó lè gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá fi irú rẹ̀ kan tábìlì, tí a gbé e sínú yàrá tí a ń mú gbóná, yóò sún kì, oríkèé rẹ̀ yóò sì ṣí.

Ìwọ̀n ni í fi òtítọ́ hàn. Kí a gé ègé kékeré láti àárín pákó, kí a wọ̀n ọ́n, kí a sì yan án nínú ààrò ní dígírì 103 Celsius títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Bí ó bá ti gíráàmù 600 di 500, omi inú rẹ̀ jẹ́ 100 lórí 500, èyí ni ìdá 20 nínú 100. Pákó ohun ọ̀ṣọ́ ilé ní Amẹ́ríkà ní láti gbẹ dé ìdá 6 sí 8. Títí yóò fi dé ibẹ̀, inú ilé náà ni àyè rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó ni oníbàárà ti ń dúró.