Àtúntò Oríta Àdúgbò fún Ààbò Ẹlẹ́sẹ̀ ní Sùúrùlérè

Ní 1928 ni ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú Èkó tò, àjọ yìí kan náà ni ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sí Sùúrùlérè ní àwọn ọdún 1950 fún àwọn ìdílé tí wọ́n ṣí nípò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọkọ̀ kò tíì pọ̀ nígbà náà, ọwọ́ òsì ni ó sì ń gbà títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn òpópónà tí wọ́n là fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni danfo, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ agbómi ń gbà lónìí.

Àwọn onímọ̀ ètò ìrìnnà a máa ka ojú-ìkọlù, ìyẹn ibi tí ipa ọkọ̀ méjì ti lè pàdé tàbí dábùú ara wọn, láti mọ bí oríta ṣe léwu tó. Oríta ọlọ́nà mẹ́rin ní 32, ti ọlọ́nà mẹ́ta ní 9, róńdábáòtù ọlọ́nà mẹ́rin tí ọkọ̀ ń tò wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sì ní 8 péré. Ọkọ̀ nìkan ni iye wọ̀nyí kà, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni ara rẹ̀ kò ní ààbò kankan. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò fi kọlu ènìyàn a di ìlọ́po mẹ́rin, ìdí nìyí tí ìpàdé àgbáyé lórí ààbò ojú pópó, tí ó wáyé ní Stockholm ní 2020, fi dábàá pé kí eré má ju 30 kìlómítà ní wákàtí kan lọ níbi tí ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ bá ti ń dàpọ̀.

Kọ́nà gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí ó bá ṣí gbayawu, awakọ̀ yóò yà á láì tẹ bíréèkì. Bí ó bá ká, dandan ni kí ó dẹ eré. Ní irú ibi tí òpópónà kékeré ti já sí Ogunlana Drive, danfo lè dúró lẹ́nu kọ́nà láti já èrò, kí kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà sì ti fọ́, tí ọmọ ilé-ìwé tí ó bọ́ sílẹ̀ yóò fi gba ojú títì, tí awakọ̀ tí ń bọ̀ kò sì ní rí i àfi ìgbà tí ó bá yọ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Ohun tí ó yẹ ni kí ibi ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ yọ síta díẹ̀ ní kọ́nà kí ìsọdá lè kúrú, kí ibi ìsọdá náà sì ga dé ìwọ̀n ibi ìrìn, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ni yóò gun òkè wá bá ènìyàn, kì í ṣe ènìyàn ni yóò sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ omi kò ṣeé fojú fò ní Èkó, nítorí ìsọdá gíga tí kò ní páìpù lábẹ́ yóò dí gọ́tà, oríta yóò sì di adágún ní oṣù Kẹfà. Bọ́ǹpù tí àwọn aráàdúgbò ń fi sìmẹ́ǹtì mọ fúnra wọn kò tó rọ́pò èyí, bí èrò wọn tilẹ̀ dára, torí àárín òpópónà ni ó sábà máa ń wà, nígbà tí ewu wà lẹ́nu oríta.

LASTMA, àjọ tí ń darí ìrìnnà ọkọ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2000, ń sa ipá ní àwọn oríta ńlá bí Ojúẹlẹ́gba, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò lè kárí gbogbo oríta àdúgbò. Nígbà tí ìjọba hú róńdábáòtù Allen àti Ìkòtún, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni wọ́n fẹ́ dín kù. Ó tọ́ kí wọ́n ná irú owó tí wọ́n ná sí iṣẹ́ yẹn fún ẹlẹ́sẹ̀ náà, pàápàá nígbà tí ìlànà ìjọba Èkó lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ti wà láti 2018. Kò dìgbà tí owó ńlá bá yọ. Ní Addis Ababa, ọ̀dà àti ohun tí ó ṣeé gbé kúrò ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán àtúntò oríta LeGare wò. Ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè lè ṣe irú rẹ̀ ní oríta kan nítòsí ilé-ìwé, kí òjò ọdún kan rọ̀ lé e lórí kí wọ́n tó da kọnkéré, kí àwọn tí ń tajà ní kọ́nà náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fa ọ̀dà, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ibi tí ọmọdé ń gbà sọdá àti wákàtí tí ọkọ̀ ń sáré jù.