Ilé Tí Wọ́n Fi Ìgò Mọ, àti Ilé Amọ̀ Tiwa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ọdún ìbílẹ̀ ìlú Tchaourou)

   

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé àtijọ́. Òkèèrè ni mo ti fẹ́ mú un bọ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ilé náà ni n óò padà sí.

Ní Nevada, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Rhyolite. Aṣálẹ̀ ni ibẹ̀. Ní 1904 ni wọ́n rí wúrà nítòsí rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi ya dé. Ọkọ̀ ojú irin dé, iná mànàmáná dé, ilé ọtí pọ̀ bí eṣú. Igi ni kò sí. Bàbá arúgbó kan, Tom Kelly, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wá wo àyíká rẹ̀ pé kí ni òun yóò fi kọ́lé. Ìgò ọtí ló rí, ó wà káàkiri. Ó ṣà á jọ, ó tẹ́ ẹ ní ìbú, ìdí ìgò sí ìta, ọrùn rẹ̀ sí inú, ó ń fi amọ̀ sí àárín wọn. Ní 1906 ilé parí. Nǹkan bí 50,000 ìgò ló lò, ìgò bíà ló pọ̀ jù nínú wọn. (Kì í ṣe òun nìkan ló mu ún o. Ẹ má fi bàbá náà jẹ oyè ọ̀mùtí.)

Mo ní amọ̀. Ohun tí àwọn baba wa ń fi ẹsẹ̀ gún náà ni, tí wọ́n ń mọ ní ipele ìpele, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìgò lásán kò lè di ara rẹ̀ mú, amọ̀ ló so ó pọ̀.

Nígbà tó yá, wúrà ò pé mọ́. Ìwakùsà ńlá ibẹ̀ kógbá sílé ní 1911, wọ́n gé iná ìlú náà ní 1916, àwọn ènìyàn kó lọ. Ilé ìfowópamọ́ alájà mẹ́ta tí wọ́n fi kọnkéré kọ́ ti di àlàpà báyìí. Ilé ìgò ṣì dúró. Kí ló fà á? Ní 1925, àwọn tó wá ya fíìmù ní ibẹ̀ tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2005 wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ẹni tó ṣe irú ìyẹn fún ilé ìfowópamọ́.

Ìlú ojú irin ni àwa náà, fèrè rẹ̀ sì ti pẹ́ tó ti dákẹ́. Títì ló kù, pẹ̀lú ìgò epo kpayo létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Tchaourou kò kú, ó ń gbòòrò ni. Ilé àtijọ́ inú rẹ̀ ló ń kú. Páánù kan ṣí lórí ilé bàbá, ẹni tó jogún rẹ̀ wà ní Cotonou tàbí ní Èkó, òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ògiri wó. A ó wá máa wí pé amọ̀ kò dára, bíríkì símẹ́ńtì ló tọ́. Èmi ò gbà. Amọ̀ kò ṣẹ̀. Ẹni tó bá ti sùn sínú ilé símẹ́ńtì nínú ooru oṣù kẹta mọ ohun tí mo ń sọ.

Àwọn ọ̀dọ́ bi mí bóyá a lè fi ìgò kọ́ ohun kan níhìn-ín. A lè ṣe é. Ní Yelwa, nítòsí Kaduna, ní 2011, ìgò oníke tí wọ́n rọ iyanrìn sínú rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́lé. Bí ẹ bá fẹ́ lo ti dígí, ẹ kó o kí ó tó fọ́ sínú oko, kí ó tó gé ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹ fọ ti kpayo dáadáa. Ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ síta, nítorí òjò wa kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò aṣálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé tó wà nílẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn. Mo bẹ àdúgbò kọ̀ọ̀kan: ẹ yan ilé amọ̀ kan ṣoṣo, ẹ kan páánù rẹ̀ kí òjò tó dé, ẹ sì fi ènìyàn sínú rẹ̀, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tàbí opó. Méà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ilé náà sínú ìwé, kí a máa wo ìwé yẹn kí a tó la ọ̀nà tuntun. Àwọn mọlémọlé tó mọ amọ̀ í gún ṣì wà láàrin wa, wọ́n jókòó sí ọwọ́ ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Kí ẹgbẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ kí a tó túká lónìí.