Ẹ Jẹ́ Ká Tọ́jú Odò Láti Òkè Dé Ìsàlẹ̀

Bí a ti ń kó ẹrẹ̀ kúrò nílé, a ò gbàgbé omíyalé oṣù Keje ọdún 2018 tó gba ẹ̀mí ní Abẹ́òkúta. Dáàmù Ọyán, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, kò lè dá òjò tó rọ̀ láàárín ìlú dúró. Láti apá Ṣakí ni Odò Ògùn ti ń ṣàn bọ̀: bí wọ́n bá gé igi lókè odò, ẹrẹ̀ á kún un níhìn-ín ní Lafẹnwá. Bí àwa náà bá da ìdọ̀tí sí Sokori, inú ilé ni omi máa gbà. Ẹ jẹ́ ká dá igi etí odò sí, ká má sì kọ́lé sójú omi mọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.