Èbúté Mẹ́ta: Ìlú Tí A Fi Gbígba Àlejò Kọ́



Nígbà tí a bá dárúkọ Èbúté Mẹ́ta, ariwo, irin àti èéfín ni ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwa kò sọ pé wọ́n ṣìnà. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ fi yé yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni pé irin kọ́ ni ó kọ́ ìlú náà. Gbígba àlejò ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ó wà. Erékùṣù Èkó wà ní gúúsù rẹ̀, Ìdó wà láàárín àwọn méjèèjì, Yábàá wà ní àríwá, ọ̀sà sì wà ní ìlà oòrùn. Àwọn àgbà a máa ka èbúté mẹ́ta tí a fi sọ ọ́ lórúkọ báyìí: Ìdó, Ọ̀tọ̀ àti Òyìngbò. Àwọn Àwórì, tí Ọlọ́tọ̀ jẹ́ olórí wọn, ni a bá níbẹ̀.

Ní 1867 ìfọ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. A kó ilé àwọn míṣọ́nárì àti ilé ìsìn, a sì lé wọn jáde. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá bá wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó. Glover, tí ó ń ṣe àkóso Èkó nígbà náà, fún wọn ní ibùgbé ní Èbúté Mẹ́ta. Báyìí ni àwọn tí a lé kúrò nílé ṣe di onílé.

Ní 1896 a bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà réluwé láti Èkó lọ sí òkè. Omi yí erékùṣù ká, àyè ibẹ̀ kò sì tó. Nítorí náà ìhà kejì omi, níbi tí ilẹ̀ gbé gbòòrò, ni a fi ilé iṣẹ́ ńlá réluwé sí. Ní 1901 ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Nígbà tí yóò fi di 1912, ó ti ń lọ sí Kánò. Alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà àti alágbàṣe láti onírúurú ẹ̀yà wá gbé ní Èbúté Mẹ́ta. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni ó gbé e.

Ọwọ́ kan náà ni wọ́n sì fi béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ní 1941 Michael Imoudu ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ réluwé, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Èbúté Mẹ́ta lọ bá Gómìnà Bourdillon nítorí owó iṣẹ́ wọn. Ní oṣù Kẹfà 1945, nígbà tí ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, wọ́n wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n yanṣẹ́ lódì fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ.

Ní 2021 a ṣí ọ̀nà réluwé tuntun láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn. Àlejò kò ì tíì dẹ́kun dídé. Ṣùgbọ́n báwo ni a ti ń gbà wọ́n? Ẹni tí ó ń wá yàrá kan ṣoṣo, a ó kọ́kọ́ bi í pé, "Ọmọ ibo ni ọ́?" Bí a bá sì gbà á, irú ilé wo ni a fi í sí? Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2022, ilé alájà mẹ́ta kan wó lulẹ̀ ní òpópó Ìbàdàn ní Èbúté Mẹ́ta, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ẹ̀yin ará, gbígba owó ilé nìkan kì í ṣe gbígba àlejò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni baba wọn fi ẹ̀yìn rin ilẹ̀ wá, tí a sì ṣí ilẹ̀kùn fún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a jẹ́ ẹni tí ó wọlé tán, tí ó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.